Ìgbà Tí Wọ́n Lẹ Orúkọ Wa Mọ́ Ilẹ̀kùn

Àárín ọyẹ́ ni, nígbà tí gbogbo koríko etí ọ̀nà Ṣakí sí Àgọ́-Àmọ̀dù ti gbẹ, tí àwọn darandaran ti ń kó màlúù wọn lọ sápá odò, tí ètè tọmọdé tàgbà ń bó. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lódìlódì. Àwọn kan ní ṣe la fẹ́ ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Àwọn mìíràn ń pè wá ní akíkanjú. N kò rò pé ó rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ràfíátù ni orúkọ mi. Ilé aláṣọ òkè ni wọ́n bí mi sí, títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró òfì, oorun ló máa ń kùn mí, nítorí ìró yẹn ló máa ń gbé wa sùn lọ́sàn-án nígbà tí a wà ní kékeré. Bàbá mi kò fẹ́ kí n jókòó sídìí òfì. Ó ní kí n lọ kàwé, kí n níṣẹ́ tí ọkàn mi yóò balẹ̀ lórí rẹ̀. Mo kàwé náà. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo kọ́: irú ilẹ̀ tó gba iṣu, irú èyí tó gba ẹ̀gẹ́, àti ìdí tí ilẹ̀ ọ̀dàn wa kì í fi í gba omi dúró. Lẹ́yìn tí mo gba oyè kejì, ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan lápá Ṣakí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, pè mí pé kí n wá máa kọ́ni ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ń fi yangàn fún àwọn tó ń bá a hun aṣọ pé olùkọ́ yunifásítì ni ọmọ òun báyìí, kí wọ́n má pariwo létí òun mọ́.

Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún un ni pé kọ́ńtíráàtì ni iṣẹ́ náà. Ọdún kan, ọdún kan ni. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti parí, iṣẹ́ wa parí pẹ̀lú rẹ̀. A ó lọ sílé, a ó máa wo fóònù. Bí ọ̀gá ẹ̀ka bá pè, a padà. Bí kò bá pè, ó tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tí o ṣe fún ọ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún la ti máa ń ṣọ́ ẹnu wa. A máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí kò pani lẹ́rìn-ín, a sì máa ń gba kíláàsì tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Káàdì ìdánimọ̀ wọn oríṣi méjì ni. Búlúù ni ti àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ pátápátá. Tiwa jẹ́ yẹ́lò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n, wọ́n a máa pè wá ní "àwọn oní-yẹ́lò." Oní-yẹ́lò kò lè gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọgbà. Kò ní ìsinmi. Kò lè wọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ká má tíì sọ pé yóò dìbò níbẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ sí ni ọ́fíìsì wa. Wọ́n gbé tábìlì síwájú àwọn àpò, a sì ń jókòó síbẹ̀ máàkì ìdánwò, òórùn ajílẹ̀ náà yóò sì bá wa délé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa kì í ṣe yẹ́lò o. Àwa la ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ́ọ̀sì ẹ̀ka náà.

Àgbà wa níbẹ̀ ni Dókítà Làsísì, ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tipẹ́, ó sì ti pẹ́ lórí kọ́ńtíráàtì ju gbogbo wa lọ, débi pé àwọn tó kọ́ ní kíláàsì ti ń wọ búlúù kọjá níwájú rẹ̀. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́. Àbúrò wa níbẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ìwéré-Ilé, tó ń kọ́ wọn nípa kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Èmi àti Fúnmi la jọ ń lo tábìlì kan.

Lọ́dún náà, Fúnmi lóyún. Oyún àkọ́bí ni, ó sì ń fi í pa mọ́. Ó ń wọ súwẹ́tà ńlá nínú oòrùn, ó ní ọyẹ́ ló ń mú òun. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan, mo wà nínú yàrá ajílẹ̀ yẹn nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sáré dé, wọ́n ní kí n máa bọ̀, Àǹtí Fúnmi ti di páátákó mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ìrọbí ti mú un. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà, kò jìnnà síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́.

"Káàdì dà, mà?"

Mo fi han án.

"Ẹ má bínú, mà. Búlúù nìkan. Òfin ni."

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ò rí i ni? Obìnrin tó ń rọbí lẹ ń bi ní káàdì!"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, mà. Ẹ máa gbé wọn lọ sígboro, ẹ má fi àkókò ṣòfò."

Bọ́ọ̀sì tó kó àwọn ọmọ tó lọ sóko padà dé ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kan nínú ìlú Ṣakí. Ojú ọ̀nà kún fún kòtò. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni Fúnmi ń fún mi lọ́wọ́, tó ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí n bí i síbí." Kò bí i síbẹ̀. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tó fi bí ọmọkùnrin.

Lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Fúnmi gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó padà wá sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ara tí kò tíì le. Ó bá ẹlòmíràn nídìí kíláàsì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é láti sọ fún un. Èmi ni mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa, Dókítà Adégòkè.

Mo ní, "Sà, kí ló dé tí ẹ gba kíláàsì Fúnmi? Ó bímọ ni, kò kú."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó bímọ. Èmi náà ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ràfíátù, ẹ fi hàn mí, ibo ni wọ́n kọ ìsinmi ìbímọ sí nínú àdéhùn yín?"

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé a ò gbọdọ̀ bímọ, sà?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó ní, "Ẹ máa rọra. Ọdún tiyín náà máa tó parí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó wa jọ. Abẹ́ àwọn igi kaṣú tó wà lẹ́yìn oko ilé ẹ̀kọ́ la ti pàdé, gbogbo oní-yẹ́lò ẹ̀ka náà, lójú ọ̀sán tí ibẹ̀ dá. Àwọn kan dúró sẹ́yìn igi bí ẹni pé wọ́n kàn wá fẹ́ atẹ́gùn. Dókítà Làsísì ló sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí a ó bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n gba àwọn tó ti pẹ́ síṣẹ́ pátápátá, kí obìnrin tó bímọ ní ìsinmi, kí wọ́n pe Fúnmi padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bú ẹnikẹ́ni, kí a má ṣe dá iṣẹ́ dúró, nítorí ọmọ tí à ń kọ́ kò ṣẹ̀ wá. Ẹnì kan bi í pé, "Bí wọn ò bá dá wa lóhùn ńkọ́?" Ó ní, "Wọ́n máa dá wa lóhùn. Wọ́n máa tó nílò wa."

A ò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà. Ó ti gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá, àwọn tó máa ń wá wò bóyá ẹ̀ka kan kún ojú òṣùwọ̀n láti máa fún ọmọ ní oyè. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wò ni olùkọ́: ta ni wọ́n, ṣé iṣẹ́ wọn dúró. Lójú òfin wọn, oní-kọ́ńtíráàtì bíi tiwa kò gbé ẹ̀ka ró.

Kò pẹ́ tí rẹ́jísírà, ẹni tó ń darí gbogbo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, fi pè wá sí gbọ̀ngàn. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, nǹkan tí kò ṣe rí. Ó ní, "Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo yín ti di sítáàfù. Búlúù lẹ máa gbà."

Ẹnì kan lẹ́yìn mi pariwo, "Alihamudulilahi!" Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

Rẹ́jísírà na ọwọ́ sókè. "Títí àwọn aláyẹ̀wò fi máa lọ ni o. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà yín síṣẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ dá káàdì padà fún akọ̀wé mi."

Àtẹ́wọ́ náà kú síbẹ̀. Dókítà Làsísì dìde.

"Sà, tí a bá yẹ lẹ́ni tó lè jẹ́ sítáàfù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló dé tí a ò yẹ fún ọdún kan?"

"Ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀wò tí a bá yege."

"Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wa, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ́jísírà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá tú wa fó lójú àlejò, kò ní rí ibi tó ti máa kọ́ni mọ́ ní gbogbo Òkè-Ògùn yìí. Mo mọ gbogbo wọn níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ mí."

Ní ọjọ́ kejì ni Fúnmi pè mí láti Ìwéré-Ilé. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀gá ẹ̀ka pè mí. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n wá jókòó sí ọ́fíìsì títí àwọn àlejò fi máa lọ. Wọ́n ní wọ́n máa lẹ orúkọ mi mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kí n máa lọ sílé."

Mo ní, "Kí lo sọ?"

"Mo ní màá wá."

Abẹ́ igi kaṣú la tún padà sí. Kò sẹ́ni tó dúró sẹ́yìn igi lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò le: a ó lọ síbẹ̀, a ó jókòó, bí wọ́n bá sì bi wá, òótọ́ la ó sọ. Dókítà Làsísì ní, "Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ohun tí ẹ̀yin máa ṣe kò ju kí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni lọ." Gbogbo wa gbà. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí fi Ọlọ́run búra, Kìrìsìtẹ́nì náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣírí náà kò pẹ́ nílẹ̀. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá, wá bá mi níbi tí mo ti ń kó ilẹ̀ sínú ike fún iṣẹ́ wọn.

Ó kúnlẹ̀. "Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fẹ́ sọ fún àwọn aláyẹ̀wò pé ẹ kì í ṣe sítáàfù?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo ọgbà ló mọ̀, mà. Tí wọ́n bá ti ẹ̀ka wa pa ńkọ́? Ó ku díẹ̀ ká jáde. Bàbá mi ta oko kaṣú wọn kí n tó lè wọ ibí."

Mo ní kó dìde. Mo ní, "Kẹ́hìndé, tí o bá jáde, ṣé ó wù ẹ́ láti kọ́ni?"

"Ó wù mí, mà."

"Káàdì wo lo rò pé wọ́n máa fún ẹ?"

Ó wo ilẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti lé sójú rẹ̀. "Mà, ìyẹn ṣì ń bọ̀. Òní ni mò ń sọ."

Títí di ìsinsìnyí, mo máa ń rò ó, n kò sì tíì rí ohun tí ǹ bá ti sọ. Nígbà tí mo pe ọkọ mi ní Ìsẹ́yìn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá Àwáwù, ṣé àwọn tó kù dúró?"

Mo ní, "Wọ́n dúró gbọn-in."

Ó ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n dúró."

Nígbà tí a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò mọ ibi tí mo wà. Wọ́n ti kun ògiri. Wọ́n ti kó ajílẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹ̀ka ìṣirò kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù lẹ orúkọ mi mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣì í kọ. Oyèwálé ni orúkọ ọkọ mi. Oyèwọlé ni wọ́n kọ. Mo jókòó sínú àga tó ń yí, fọ́tò àwọn ọmọ ẹlòmíràn wà níwájú mi lórí tábìlì.

Fúnmi wà ní yàrá kejì. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé, nítorí ọmọ náà kò tíì lè pẹ́ kó má mu ọmú. Nígbàkigbà tó bá ké, Fúnmi á dìde, á tún jókòó. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀, ó da ìborùn bò ó.

Nígbà tó yá, wọ́n pe gbogbo olùkọ́ sí yàrá ìpàdé. Àwọn aláyẹ̀wò jókòó sápá kan, àwa sápá kejì. Dókítà Adégòkè wà láàárín, rẹ́jísírà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan, ọ̀jọ̀gbọ́n, ni olórí àwọn aláyẹ̀wò náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó wo Dókítà Làsísì.

"Ẹ̀yin lẹ jọ àgbà níbí. Ṣé iṣẹ́ yín dúró níbí, sà?"

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Dókítà Làsísì gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e.

"Ó dúró, mà. Ó ti pẹ́."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo wo ojú rẹ̀, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ìyá náà kọjá sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Onítọ̀hún ní, "Ó ti pẹ́, mà." Ẹni tó tẹ̀ lé e, "Ó ti pẹ́." Bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àga kan lẹ́yìn èkejì. Mo ronú kan Àwáwù ọmọ mi, mo ronú kan bàbá mi nídìí òfì, mo ronú kan Kẹ́hìndé. Mo sọ fún ara mi pé ṣebí gbogbo wọn ti sọ ọ́, kí ni tèmi máa fi kún un? Ẹnu mi ti ń ṣe "ó ti."

Ọmọ Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í ké níta.

Ìyá náà gbórí sókè. "Ọmọ ta nìyẹn?"

Dókítà Adégòkè ní, "Àwọn aládùúgbò ni, mà. Ẹ má bínú."

Bí mo ṣe gbọ́ "àwọn aládùúgbò" yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yí padà. Mo ní, "Mà, kọ́ńtíráàtì ni mí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n fún mi ní káàdì yìí, màá sì dá a padà tí ẹ bá lọ. Orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn mi kì í ṣe orúkọ mi."

Rẹ́jísírà ti dé àárín ilé. "Ara wọn kò yá, mà. Ó ti ń ṣe wọ́n bọ̀ láti—"

Ìyá náà ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?"

Mo wo àwọn tó ti búra pẹ̀lú mi lábẹ́ igi kaṣú. Kálukú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo lè dárúkọ wọn. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Mo ní, "Tèmi ni mo lè sọ, mà."

Àga dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fúnmi ti dìde. Ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò ṣà á.

"Kì í ṣe wọn nìkan. Èmi ò tiẹ̀ níṣẹ́ mọ́. Mo bímọ, wọ́n lé mi, wọ́n wá bẹ̀ mí kí n wá jókòó síbí fún yín. Ọmọ mi ló ń ké yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ fún un lọ́mú."

Ó sì jáde. Kò dúró de èsì. Mo tẹ̀ lé e.

Wọn kò jẹ́ ká padà wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ló gba káàdì lọ́wọ́ wa lẹ́nu géètì, búlúù àti yẹ́lò pọ̀. Fúnmi jókòó sórí òkúta létí títì, ó ń fún ọmọ lọ́mú, èmi àti ìyá rẹ̀ na ìborùn mi láti ṣíji bò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n ń wò wá. Kẹ́hìndé wà láàárín wọn. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kadà gbé wa kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni Dókítà Làsísì wá sí ilé mi ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn ni wọ́n pè mí. Wọ́n gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ síwájú mi, orúkọ mi ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá panu mọ́, tèmi ni. Ràfíátù, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà ju ẹni tí ẹnikẹ́ni máa gbà síṣẹ́ mọ́."

Mo ní, "Ṣé wọ́n fún yín níwèé náà?"

"Wọ́n fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá kàn ti sọ fún wa pé ẹ ò ní lè sọ ọ́, ẹlòmíràn ì bá ti múra sílẹ̀."

Ó ní, "Ìtìjú ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, ọkọ mi sáré dì í mú. Mo ní kó má bẹ̀ mí, kó lọ bẹ Fúnmi ní Ìwéré-Ilé. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó ti wọ inú ilé báyìí, kó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wà níta. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó máa gbọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yọrí. Àwọn aláyẹ̀wò kò ti ẹ̀ka náà pa. Wọ́n ní kí wọ́n má gba ọmọ tuntun títí wọn yóò fi gba olùkọ́ síṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ náà gba olùkọ́ nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ pé "ó ti pẹ́" lọ́jọ́ yẹn sì di sítáàfù ní tòótọ́. Inú ti bí mi sí ìyẹn rí. Kò bí mi mọ́. Àwọn náà ní ọmọ nílé. Kíláàsì Kẹ́hìndé pẹ́ kí wọ́n tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n jáde. Dókítà Làsísì wọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ó sì ń da ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀ ní gbogbo ìpàdé títí tí ó fi sú wọn, tí wọ́n fi gbà pé kí àwọn oní-kọ́ńtíráàtì máa wọlé, kí wọ́n sì máa dìbò. Wọ́n tún fagi lé òfin tó ní káàdì búlúù nìkan ló lè wọ ilé ìwòsàn ọgbà.

Èmi àti Fúnmi, wọn kò pè wá mọ́. Rẹ́jísírà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ mi, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mo ti ń kọ́ni ní Ìsẹ́yìn báyìí, mo ń kọ́ wọn nípa ilẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn. Fúnmi ń dáko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn." A sọ nǹkan mìíràn. Dókítà Làsísì ti lọ bẹ̀ ẹ́, Fúnmi ní òun gbọ́, kò sọ pé òun gbà. Nínú gbogbo wa, òun ni mo rò pé wọ́n jẹ ní gbèsè jù, n kò sì rí ẹni tó ń múra láti san án. Títí di ìsinsìnyí, obìnrin tó bá wà lórí kọ́ńtíráàtì níbẹ̀ kò ní ìsinmi ìbímọ. Wọ́n ti yí orúkọ kọ́ńtíráàtì padà, wọ́n ti yí àwọ̀ káàdì padà. Ìsinmi náà ni wọn kò fi kún un.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí kì í ṣe ibẹ̀. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ti ń kun ògiri. Ó ní ẹnì kan ló fún òun ní nọ́ńbà mi. Ó ní, "Mà, kí ni kí n sọ tí wọ́n bá bi mí?"

N kò sọ ohun tó máa sọ fún un. Mo bi í pé àwọn mélòó ni wọ́n, ó ní wọ́n pọ̀. Mo bi í pé ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn ti ní òun ni.

Mo ní, "Ẹ̀rù ń ba onítọ̀hún. Ẹ má jẹ́ kó dá a gbé. Kí gbogbo yín lọ jókòó tì í nílé rẹ̀ lónìí, kí ẹ bi í bóyá ẹnì kan ti pè é."

Ó ní, "Mà, ṣé kí n máa lọ báyìí?"

Mo ní, "Máa lọ. Kí ẹ sì lọ kí obìnrin tó bá bímọ láàárín yín."